Ohun Tí Eila Rí Lára Kíndìnrín Kan Ṣoṣo Tó Kù

Àwọn ará Port Garrick, ìlú kan létí adágún ńlá, kì í sọ pé àwọn ń lọ ṣe sikáànì. Wọ́n á ní, "Mò ń lọ sọ́dọ̀ Eila." Ọ̀rọ̀ náà ti di bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí Eila Niskanen ti wà nínú yàrá kékeré kan nílé ìwòsàn ìlú náà, níbi tí wọ́n ti máa ń dín iná kù, tó ń da oje tútù sí ikùn ènìyàn, tó ń fi ọwọ́ ẹ̀rọ rìn lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára gíláàsì tí àwòrán ti ń jáde. Ẹ̀dọ̀, òróòro, ilé ọmọ, kíndìnrín: kò sí èyí tí kò mọ ojú rẹ̀. Nínú ilé ìtajà, àwọn obìnrin a máa fa ọmọkùnrin tó ti ga jù wọ́n lọ wá síwájú rẹ̀, wọn a ní ẹni tó wà nínú àwòrán ọjọ́sí nìyí. Eila a wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀, a ní ó ti sanra díẹ̀ sí i.

Obìnrin gíga ni, eegun rẹ̀ le, irun rẹ̀ sì ti funfun kó tó pé àádọ́ta ọdún. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Finland wá gé igi nínú igbó àríwá, ó sì dà bíi pé ìwà àwọn gégigégi náà ṣì wà lára ọmọ: kì í kánjú, kì í sì í pa iṣẹ́ tì sójú ọ̀nà. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń gbé ilé wọn lójú ọ̀nà adágún, pẹ̀lú ilé oru onípákó, irú èyí tí àwọn ará Finland máa ń jókòó làágùn nínú rẹ̀, tí ọkọ náà kọ́ sẹ́yìnkùlé. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló ń dáná sí i, tó ń jókòó nínú oru títí ara rẹ̀ yóò fi pọ́n, tí yóò wá jáde sínú yìnyín láìwọ bàtà. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ẹlòmíràn bá fi ogún ìṣẹ́jú wo aláìsàn, Eila yóò fi ogójì.

"Ẹ̀dọ̀ náà ò sá lọ," ni yóò ní. "Kí lẹ̀yin ń sá lé?"

Sùúrù yìí nídìí. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí kò tíì lò ju ọdún méjì lọ lẹ́nu iṣẹ́, ìlú mìíràn tó jìnnà ló ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin kan wá síbẹ̀ tó ń jẹ́ Noreen, tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Eila rí kókó kan lára kíndìnrín rẹ̀ tó funfun bí yìnyín tí oòrùn ń ràn sí. Wọ́n ti kọ́ ọ pé ọ̀rá ni irú funfun bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́, pé kókó ọ̀rá kì í sì í ṣe ikú; wọ́n sì ti kọ́ ọ pé bí a bá fẹ́ mọ̀ dájú, ká gbé ẹni náà lọ sínú ẹ̀rọ Síítì, èyí tó ń ya ara ní ìpele ìpele bí ìgbà tí a gé búrẹ́dì, nítorí kò sí ohun tó dá ọ̀rá mọ̀ tó o. Ṣùgbọ́n dókítà tó ka àwòrán náà jẹ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ le. Ó ní jẹjẹrẹ ni, kò sì rí ìdí tí wọ́n fi ní láti tún un wò. Eila pa ẹnu mọ́. Wọ́n gé kíndìnrín náà jáde, wọ́n gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ọ̀rá lásán ni.

Noreen kò kú, kò sì bínú, nítorí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un tó bó ṣe yẹ. Ó fi káàdì ránṣẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn pé wọ́n gba ẹ̀mí òun là, ó sì kọ orúkọ Eila sínú rẹ̀ lọ́tọ̀. Káàdì náà dun Eila ju èébú lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wò, tó ń tún un wò.

Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni Orest Hrynchuk wọlé sí yàrá rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni Orest, ọkùnrin kúkúrú tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi bí ọkọ́, tó ti fi ogójì ọdún tún ẹ̀rọ ṣe nínú àwọn ilé ọkà ńláńlá tó wà létí adágún, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń wá kó wíìtì. Ìrora kan ló ń mú un lábẹ́ ìhà ọ̀tún bó bá ti jẹun tán. Eila wo òróòro rẹ̀, ó bá òkúta mẹ́rin níbẹ̀. Ohun tó gbé ọkùnrin náà wá nìyẹn, ẹlòmíràn ìbá ti nu ọwọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ nù. Eila sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí i, ó dé ibi kíndìnrín ọ̀tún, ó kọjá sí òsì, kò sì bá nǹkan kan níbẹ̀.

"Níbo ni kíndìnrín òsì yín wà?" ló bi í.

"Àbúrò mi obìnrin ló jí i gbé," ni Orest dáhùn. "Stefa. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń bá a wò ó lọ́dọọdún."

Òótọ́ ni. Ní ọdún 1998 ni kíndìnrín méjèèjì Stefa kú sí i nínú, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fún un ní ọ̀kan nínú tirẹ̀. Wọ́n fi í sí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó sì ń ṣiṣẹ́ dòní. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Eila ti mọ kíndìnrín Orest kan kó tó wá mọ Orest fúnra rẹ̀.

Ó padà sí èyí tó kù. Nígbà náà ló rí kókó kan, ó tó ẹyin adìẹ kékeré, ó sùn sí àárín kíndìnrín, nítòsí ibi tí àwọn iṣan ńlá ti ń wọlé.

Ìró ni ẹ̀rọ Eila fi ń ríran. A rán ìró wọnú ara, a sì gbọ́ bó ṣe ń padà. Omi kì í dá ìró padà, nítorí náà dúdú kirikiri ló máa ń jáde lójú àwòrán. Ẹran ara a máa ní àwọ̀ eérú. Kókó tó wà níwájú rẹ̀ yìí kò dúdú tó omi, kò sì rí bí ẹran. Eila ní kí Orest fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ẹ̀rọ lé e, kò mira, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko. Nígbà tó yá, ó rí i pé àwọn èérún tín-ín-rín inú kókó náà ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ògì tó ń silẹ̀ nínú omi. Ẹran kì í rìn. Ó tan àwọ̀ tó máa ń fi ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn hàn, kò sí àwọ̀ kankan nínú rẹ̀. Igun kan ṣoṣo lápá òde ni kò rí dáadáa, egungun ìhà ló bò ó mọ́ ọn lójú.

Orest bi í pé kí ló rí. Òfin iṣẹ́ rẹ̀ ni pé dókítà ló ń sọ ohun tí àwòrán wí, kì í ṣe ẹni tó yà á. Ó sọ fún un pé dókítà yóò pè é, ó fún un ní aṣọ ìnura kó fi nu ikùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tó wà nínú kókó náà ń rìn, pé ó lè jẹ́ omi tó dọ̀tí tàbí ẹ̀jẹ̀ àtijọ́. Gbólóhùn méjì ni.

Gbólóhùn méjì náà kò rìn jìnnà, kò sẹ́ni tó kọbi ara sí i. Wọ́n gbé Orest lọ sínú ẹ̀rọ Síítì bó ṣe yẹ, wọ́n fa oògùn sí i lápá kí àwòrán lè mọ́lẹ̀, dókítà kan ní ìlú mìíràn, tó ń bá wọn ka àwòrán nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, ló sì kà á láti ọ̀nà jíjìn. Ó ní kókó ẹran ni, pé ó gba oògùn náà sára díẹ̀, pé jẹjẹrẹ ni kí wọ́n fura sí. Dókítà MacAskill, oníṣẹ́ abẹ ìlú náà, pe Orest àti Stefa, ó ya kíndìnrín sórí pépà fún wọn. Ó ní ibi tí kókó náà sùn sí, kò sí bí òun ṣe lè gé e tí kíndìnrín náà yóò ṣẹ́kù. Bí wọ́n bá yọ ọ́, Orest yóò máa wá sídìí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ títí ayé rẹ̀, àyàfi bó bá rí kíndìnrín mìíràn.

Stefa bèèrè bóyá kò sí àyẹ̀wò mìíràn tí wọ́n lè ṣe. Ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ńlá ya inú ara wà, MacAskill gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń yanjú irú ẹjọ́ yìí. Àmọ́ nígbà tí Orest ṣì ń lọ irin nínú ilé ọkà, èérún irin kan fò wọ̀ ọ́ lójú, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Bí òòfà bá fà á, ojú lọ nìyẹn. Wọ́n fi iṣẹ́ abẹ sí ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ló kan Stefa láti wá fún àyẹ̀wò tirẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, òun ló ń ṣáájú àwọn obìnrin tó ń ṣe pírógì, ìyẹ̀fun bíbọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dùnkún sínú, ní gbọ̀ngàn ìjọ àwọn ará Ukraine, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Lọ́jọ́ náà kò sọ̀rọ̀. Eila ń wo kíndìnrín náà, ó mọ́ tónítóní, ẹ̀jẹ̀ ń wọ inú rẹ̀ bó ṣe yẹ, nígbà tó gbọ́ pé obìnrin náà ń sunkún.

"Mo sọ fún un pé mo fẹ́ dá a padà," ni Stefa wí. "Kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi í padà síbi tí wọ́n ti mú un. Ṣé o mọ ohun tó sọ fún mi? Ó ní, 'Kíndìnrín tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n mu kọfí ẹ? Mi ò fẹ́, tọ́jú ẹ.'" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún bú sẹ́kún. "Èmi ni mo sọ ọ́ di oníkíndìnrín kan, Eila. Ká ní ó ní méjì, wọn ì bá yọ kan, ọ̀rọ̀ ì bá parí."

Eila kò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹni lẹ́kún. Ó fún un ní aṣọ ìnura, ó jókòó tì í, ó fi ọwọ́ lé e léjìká títí ẹkún náà fi dáwọ́ dúró. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti dájọ́ fún kíndìnrín Orest. Gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lásìkò yẹn ni àwọn èérún tó ń rọlẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọn ì bá gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mì. Eila ti gbé ọ̀kan mì rí. Nígbà tí Stefa jáde, kò pe aláìsàn tó kàn. Ó rìn lọ tààrà sí yàrá Dókítà Pelletier.

Geneviève Pelletier ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà láti Québec nígbà ẹ̀rùn ni, láti máa ka àwòrán. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó ń wọ bàtà ìsáré sí ibi iṣẹ́, ó sì máa ń jẹ ápù pẹ̀lú kóró rẹ̀. Eila dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé bí òun bá mí, òun ò ní lè parí rẹ̀.

Pelletier kò sọ fún un pé kì í ṣe dókítà. Ó fa àga kan fún un, ó gbé àwòrán méjèèjì sójú kọ̀ǹpútà, ti Eila lápá òsì, ti Síítì lápá ọ̀tún. Ó ka iye tí Síítì fi wọn bí kókó náà ṣe mọ́lẹ̀ tó kí wọ́n tó fa oògùn sí Orest lára: méjìdínlógójì. Lẹ́yìn oògùn: mọ́kànléláàádọ́ta.

"Mẹ́tàlá ló fi lé," ni Pelletier wí. "Bó bá fi ogún lé, ẹran ni, ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ márùn-ún, omi ni. Mẹ́tàlá, kò sọ nǹkan kan fún èèyàn. Kíndìnrín tó yí i ká ti mọ́lẹ̀ jù, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ lè ràn sí i lára, kó wá dà bíi pé òun náà gba oògùn. Ó sì tún lè jẹ́ jẹjẹrẹ tí kì í mu ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Irú ẹ̀ wà."

"Ó rìn," ni Eila wí. "Mo rí i tó rìn."

"Mo gbà yín gbọ́. Ìṣòro Síítì nìyẹn, àwòrán tó dúró lójú kan ló máa ń yà. Tiyín ló lè rí ohun tó ń rìn. Ṣùgbọ́n tiyín náà ò lè rí ẹ̀jẹ̀ tó bá kéré jọjọ." Ó ge ápù rẹ̀ jẹ, ó ronú. "Bí òòfà ò bá ṣeé lò, ọ̀kan ṣì kù. Ẹ ti gbọ́ nípa ti ìfófó rí?"

Eila ti kà nípa rẹ̀. Oògùn kan ni wọ́n ń fa sínú iṣan apá, tí hóró afẹ́fẹ́ kéékèèké kún inú rẹ̀ bí ìfófó ọṣẹ, tí wọ́n kéré débi pé wọ́n ń bá ẹ̀jẹ̀ gba inú iṣan tó tín-ín-rín jù lọ kọjá. Ìró máa ń kọlù wọ́n, wọ́n á sì máa tàn lójú sikáànì bí ìràwọ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ dé, ìfófó dé ibẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé, yóò ṣókùnkùn. Kì í ba kíndìnrín jẹ́ bí oògùn Síítì ṣe lè ṣe, láìpẹ́ ẹni náà yóò sì mí i jáde. Ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n rà fún Eila ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lè ṣe é. Bọ́tìnnì rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ rí. Pelletier ti ṣe tó igba rẹ̀ ní Montréal.

MacAskill ni wọ́n ní láti yí lọ́kàn padà. Ó gbọ́ wọn tán nínú yàrá rẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ti gé jẹjẹrẹ kúrò lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ṣì ń rìn ní ìgboro Port Garrick. Ṣùgbọ́n ó ti rí àwọn tí ìdúró pa.

"Eila," ló wí, "a ti mọ ara wa tipẹ́. Ṣé o fẹ́ kí n sún iṣẹ́ abẹ síwájú torí pé o rí eruku tó ń jó?"

"Mo fẹ́ kí ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan," ni Eila wí. "Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, ọ̀sẹ̀ kan ò ní sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé kì í ṣe òun, ẹ ò lè dá kíndìnrín náà padà fún un."

MacAskill wo Pelletier, ó wo Eila, ó tún awò rẹ̀ wọ̀. Ó ní òun fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan.

Oògùn náà ti Winnipeg dé nínú àpótí tútù ní ọjọ́ Ajé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Orest dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Stefa jókòó síta pẹ̀lú abọ́ pírógì tí kò sẹ́ni tó rán an. Pelletier ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún Orest, ó sì béèrè bóyá ó ní ìbéèrè. Orest ní ọ̀kan: ṣé ìfófó á máa jáde nídìí òun? Pelletier ní rárá. Orest ní ó dun òun, òun ì bá fi dá àwọn ọmọ-ọmọ òun lára yá.

Pelletier fa oògùn náà sí i lápá. Eila di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, ojú rẹ̀ wà lára gíláàsì. Fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá kò sí nǹkan kan, òkùnkùn nìkan ni. Lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ kan yọ láti ibi iṣan ńlá, ó pín yẹ́ẹ́lẹyẹ̀ẹ̀lẹ, ó sì gba gbogbo kíndìnrín náà kan bí ìlú tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí. Láàárín ìmọ́lẹ̀ yìí ni kókó náà wà, dúdú bí ihò. Ìfófó kan ṣoṣo kò wọ inú rẹ̀.

Eila gbọ́ tí Pelletier mí kanlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Inú òun náà dùn. Wọ́n ti rí ohun tí wọ́n wá. Ìfófó náà kò sì ní pẹ́ tán nínú ẹ̀jẹ̀. Ì bá dáwọ́ dúró síbẹ̀, kò sẹ́ni tí ì bá bá a wí.

Ṣùgbọ́n igun kan wà tí kò rí lọ́jọ́sí.

"Ẹ mí sínú dáadáa, kí ẹ dá a dúró," ló wí fún Orest. Kíndìnrín náà sọ̀kalẹ̀ kúrò lábẹ́ egungun ìhà. Ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ díẹ̀, díẹ̀ sí i. Níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó dúdú náà lápá òde, ohun kékeré kan tí kò tó ẹyin ẹyẹlé wà tó ń tàn. Ẹ̀jẹ̀ ń wọ inú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ti ń kú lọ nígbà tí ìyókù kíndìnrín ṣì mọ́lẹ̀.

Eila mọ ohun tó ń wò. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú síbẹ̀.

"Dókítà," ló wí pẹ̀lẹ́, "ẹ wo ibí."

Pelletier tẹ̀ síwájú. Ó wò ó pẹ́. Nígbà tí ìfófó ti tán pátápátá, tí Orest ti ń wọ ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, àwọn méjèèjì bọ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀.

"Mo ṣì í," ni Eila wí. "Mo sọ pé omi ni. Jẹjẹrẹ wà níbẹ̀."

"Ẹ ò ṣì í. Síítì náà ò sì parọ́." Pelletier fi ìka méjì ṣe àmì nínú afẹ́fẹ́. "Ohun méjì ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fara kan ara wọn. Àwọ̀ kan náà ni wọ́n ní lójú Síítì, ló fi pè wọ́n lọ́kan. Èyí ńlá, tó wà nídìí iṣan, ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ nínú àpò omi ni, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Èyí kékeré ni oníṣẹ́ ibi. Àmọ́, Eila, ẹ wo ibi tó wà. Etí òde ni. Ó jìnnà sí iṣan ńlá. Abẹ́rẹ́ lè dé ibẹ̀."

Wọ́n gbé àwòrán náà lọ bá MacAskill. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé kálámù, ó pa ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà rẹ́ nínú ìwé rẹ̀, ó sì ní òun ni yóò sọ fún Orest fúnra òun, torí òun lòun sọ ti àkọ́kọ́. Ó sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀: jẹjẹrẹ ló wà níbẹ̀, òun ò ní purọ́ fún un, ó kéré, ó ṣeé fi òtútù pa láì la inú, àwọn kan wà ní Toronto tó ń fi abẹ́rẹ́ gbé òtútù náà wọlé tí wọ́n á fi mú kókó náà di yìnyín, kíndìnrín yóò ṣẹ́kù.

Stefa ti di ọwọ́ Orest mú.

"Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mo fi ń bú òtútù ìlú yìí," ni Orest wí. "Ó wá di òun ló máa wò mí sàn."

"Máa bẹ̀ ẹ́ báyìí," ni Stefa wí.

Nínú oṣù kejì ni wọ́n fò lọ sí Toronto, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Wọ́n mú díẹ̀ lára kókó náà kí wọ́n tó dì í, àbọ̀ àyẹ̀wò sì ní jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, irú èyí tí kì í tètè rìn. Lọ́jọ́ kẹta Orest ti padà sílé, ó ń ráhùn pé kọfí Toronto dà bí omi ìfọbọ́. Ara rẹ̀ kò yá kíákíá bó ṣe rò. Ibà mú un fún ọ̀sẹ̀ kan, ìhà rẹ̀ ro ó, kíndìnrín náà sì jọ bíi pé ó fẹ́ dẹ iṣẹ́ sílẹ̀, débi pé Stefa ń fi gíláàsì wọn ohun tó ń tọ̀ jáde, tí àwọn méjèèjì sì ń jà lórí rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí yìnyín yọ́ lójú adágún, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sómi.

Ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà ni Eila ń wò ó pẹ̀lú ìfófó. Nígbà àkọ́kọ́, ibi tí kókó kékeré náà wà ṣókùnkùn. Nígbà kejì, ó ṣókùnkùn síbẹ̀, ó sì ti ń sún kì. Dókítà Pelletier sọ fún Orest pé ọdún márùn-ún ni wọ́n á fi máa ṣọ́ ọ, pé òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tí òun kò tíì rí, ṣùgbọ́n pé ohun tí òun rí títí di báyìí dára. Orest ní èyí tó òun.

Nílé ìwòsàn, nǹkan yí padà díẹ̀. MacAskill kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa rẹ̀, àmọ́ láti ìgbà náà, bí kókó kíndìnrín kan bá ti rú wọn lójú, òun ló kọ́kọ́ ń béèrè pé kí ni sikáànì wí. Ó tiẹ̀ wá jókòó nínú yàrá Eila lọ́jọ́ kan, ó ní kó fi bí èérún ṣe ń rọlẹ̀ han òun. Eila ní kó jókòó jẹ́ẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. MacAskill ò lè jókòó ju méjì lọ. Àwọn aláṣẹ gbà kí wọ́n máa fi ìfófó ṣe àyẹ̀wò ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, fún àwọn tí oògùn Síítì lè pa kíndìnrín wọn lára, àti àwọn tí kò lè wọ inú ẹ̀rọ òòfà, àti àwọn tí àwòrán méjì bá ti ń sọ ohun tó yàtọ̀ síra nípa wọn.

Eila ti kọ ìwé pé òun fẹ́ fẹ̀yìn tì ní oṣù kẹfà. Pelletier bẹ̀ ẹ́ pé kó sún un síwájú ní ọdún kan, kó lè kọ́ àwọn obìnrin méjì tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní iṣẹ́ ìfófó. Eila ní òun á rò ó. Ó rò ó nínú ilé oru rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ó jáde, ó dúró lórí yìnyín títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú, ó sì padà wọlé. Ní ọjọ́ Ajé, ó gba ìwé náà padà.

Ní Ọjọ́bọ̀ ìfófó àkọ́kọ́, àwọn mẹ́rin ló wà lórí ìwé. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ìyá arúgbó kan tó ti abúlé kan lókè àríwá wá, ibi tí kò sí ọ̀nà mọ́tò, bàálù kékeré ló gbé e wá ní ìyálẹ̀ta. Agnes Wabasse lorúkọ rẹ̀. Kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára mọ́, kókó kan sì wà lára rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ irú ohun tó jẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bi Eila lẹ́nu ọ̀nà pé báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó, bàálù tó máa gbé wọn padà yóò gbéra ní agogo mẹ́rin.

"Mo máa ń pẹ́ o," ni Eila sọ fún un. "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dúró dè yín." Ó ki ìgò oje bọ omi gbígbóná kí ó má bàa tutù jù fún ìyá náà, ó dín iná kù, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì.